Gwenllian ni ìyá ìyàwó mi fẹ́ sọ ọmọ wa

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà ní Wales. Ìyàwó mi, ọmọ ibẹ̀ ni, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ obìnrin fún wa ní Cardiff, ìkómọ di Sátidé. Ìyá ìyàwó mi ní Gwenllian lòun fẹ́ sọ ọ́, pé orúkọ ìyá òun ni. Mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní "gwen" yẹn funfun ni. Ọmọ mi kì í ṣe òyìnbó pátápátá, mi ò fẹ́ káwọn ọmọ sùkúù fi ṣe yẹ̀yẹ́, mọ́mì mi nílé náà sì ń bi mí ní ìtumọ̀ ẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ o, Olúwa á wò ó, á dá a sí. Swansea lèmi ń gbé, sùkúù elédè Welsh làwọn ọmọ mi ń lọ. Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Lóòótọ́ funfun ni gwen, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n fi ń pe ohun mímọ́ àti ẹni ìbùkún. Ẹ ṣí Bíbélì Welsh sí Mátíù orí 5, ibi tí tiwa ti ń sọ pé alábùkún-fún ni àwọn òtòṣì ní ẹ̀mí, "Gwyn eu byd" ló wà níbẹ̀, gwyn yẹn ló ń di gwen tó bá kan obìnrin. Llian tó kù, ọ̀pọ̀ ní aṣọ ọ̀gbọ̀ ni, àwọn kan ní omi tó ń ṣàn ni. Ẹ sọ fún mọ́mì yín pé bí ìgbà tá a bá ní àlà ni, ó máa yé wọn kíá.

Orúkọ akin sì ni o! Lọ́dún 1136, Gwenllian ọmọ Gruffydd ló kó ọmọ ogun jáde lọ bá àwọn Norman, àwọn tó wá gba ilẹ̀ wọn, jà lẹ́bàá ìlú Kidwelly, ọkọ ẹ̀ ò sí nílé, ó ti lọ wá ìrànlọ́wọ́ sọ́dọ̀ bàbá Gwenllian ní àríwá. Wọ́n pa á, àmọ́ títí dòní Maes Gwenllian, pápá Gwenllian, ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti Gwenllian mìíràn, ọmọ Llywelyn tó jẹ́ olórí Wales nígbà náà, June 1282 ni wọ́n bí i, ìyá ẹ̀ kú síbi ìkúnlẹ̀, wọ́n pa bàbá ẹ̀ ní December ọdún yẹn, ni Edward Kìíní ọba Gẹ̀ẹ́sì bá kó ọmọ jòjòló yẹn lọ sí ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní Sempringham, Lincolnshire, ibẹ̀ ló wà títí tó fi kú lọ́dún 1337. Àwọn tí ọmọ náà wà lọ́dọ̀ wọn ò tiẹ̀ kọ orúkọ ẹ̀ bó ṣe yẹ, Wencilian ni wọ́n ń kọ. Lọ́dún 2009 ni wọ́n wá fi orúkọ ẹ̀ pe òkè kan ní Eryri, agbègbè olókè ní àríwá Wales, Carnedd Gwenllian.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é kó tó di Sátidé. Tó bá kan "ll" inú ẹ̀, ẹ fi ahọ́n síbi tẹ́ ẹ máa ń fi í sí tẹ́ ẹ bá fẹ́ pe "l", ẹ wá fẹ́ atẹ́gùn gba ẹ̀gbẹ́ ahọ́n jáde láìfi ohùn sí i, àárín orúkọ yẹn lẹ ti máa tẹnu mọ́ ọn. Ẹ ní kí ìyá ìyàwó yín máa pè é kẹ́ ẹ máa gbè é.

Ẹ sì má gbàgbé orúkọ Yorùbá ọmọ náà o. Ọjọ́ 42 ni wọ́n fún yín láti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ẹ jẹ́ kí méjèèjì wọ inú ìwé ẹ̀rí ìbí, pẹ̀lú àmì orí ẹ̀ tí wọ́n bá gbà.