Dísìkì ti fèsì: ka bíìtì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ìrémọ ni mo ń gbé. Mò ń fi èdè C kọ dírẹ́fà, ètò tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, tí yóò máa ka háàdì dísìkì IDE (tí wọ́n tún ń pè ní ATA). Nínú QEMU, ètò tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà, kò sí wàhálà kankan. Ṣùgbọ́n lórí kọ̀ǹpútà àlòkù tí mo rà ní Sábó, á ka apá ìbẹ̀rẹ̀ dísìkì náà dáadáa, tó bá wá dé ibì kan, á dúró gbagidi. 0x51 ló máa ń tẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà láìdáwọ́ dúró. Ìlà tó há sí nìyí:

while ((s = inb(0x1F7)) != 0x58) print(s);

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lo struct oní bit-field (ọ̀nà tí C fi ń fún bíìtì lórúkọ nínú struct), pé gbogbo rẹ̀ á yanjú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. T., Ilé-Ifẹ̀.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, dísìkì rẹ kò dákẹ́. Láti ìgbà tó ti kọ́kọ́ tẹ 0x51 ló ti dá ọ lóhùn. Ojúlé 0x1F7 ni o ti ń ka ipò dísìkì, 0x58 nìkan sì ni ìlà rẹ yẹn fẹ́ gbọ́.

Jẹ́ ká tú u wò. 0x51 ní bíìtì mẹ́jọ ni 0101 0001: 1 ni bíìtì tó tàn, 0 ni èyí tó kú. Bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì. Bíìtì 7, BSY, kú: dísìkì kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Bíìtì 6, DRDY, tàn: ó ti múra tán. Bíìtì 5, DF, kú: ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò dẹnu kọlẹ̀. Bíìtì 4, DSC, tàn: orí tó ń ka dísìkì ti gúnlẹ̀ síbi tí o rán an. Bíìtì 3, DRQ, kú: kò sí dátà kankan tó ń dúró dè ọ́. Bíìtì 2 àti 1 ti di ọ̀rọ̀ àtijọ́, fi wọ́n sílẹ̀. Bíìtì 0, ERR, tàn: àṣẹ tí o pa kò yọrí sí rere. Ọ̀rọ̀ parí. DRQ tí ò ń retí kò ní tàn láéláé.

Àwa tí a ń gbé Ifẹ̀ mọ ojú odù: àmì mẹ́jọ, kálukú jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 256, iye tí báìtì kan lè gbà gan-an. Ṣùgbọ́n babaláwo a máa ka mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀ sí orúkọ odù kan ṣoṣo. Bí o ṣe ka réjísítà yìí, àpótí báìtì kan tí dísìkì ń kọ ipò rẹ̀ sí, náà nìyẹn, ibẹ̀ sì ni nǹkan ti wọ́. Nínú réjísítà ipò, bíìtì kọ̀ọ̀kan ló ń sọ tẹnu rẹ̀.

Nítorí náà, fún wọn lórúkọ, kí orúkọ náà sì jẹ́ èyí tí ìwé ìlànà ATA ń pè wọ́n:

#define ATA_SR_BSY (1 << 7)
#define ATA_SR_DRDY (1 << 6)
#define ATA_SR_DF (1 << 5)
#define ATA_SR_DRQ (1 << 3)
#define ATA_SR_ERR (1 << 0)

Ètò tí wàá fi bi wọ́n léèrè ṣe pàtàkì. BSY ló ṣíwájú. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì tàn, má gba èyíkéyìí nínú àwọn yòókù gbọ́. Tó bá kú, yẹ ERR àti DF wò. Ẹ̀yìn wọn ni kó o tó wo DRQ, tí wàá sì ka 256 ọ̀rọ̀ oníbíìtì 16, tí í ṣe báìtì 512. Fi gbèdéke àkókò sí ìdúró náà pẹ̀lú. Lẹ́yìn tí o bá pàṣẹ, BSY lè pẹ́ tó 400 nanosecond kó tó tàn, torí náà ka 0x3F6, ojúlé kejì tó ń fi ipò hàn, lẹ́ẹ̀mẹrin kó o tó gba ohun tí o rí gbọ́.

Ti bit-field, má dán an wò. Òfin èdè C kò sọ ìhà tí compiler, ètò tó ń tú C sí èdè ẹ̀rọ, gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í to bíìtì. Compiler kálukú ló ń pinnu tirẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, kíka 0x1F7 kì í ṣe wíwò lásán: ó ń pa interrupt tó wà nílẹ̀ rẹ́, ìyẹn ìpè tí dísìkì fi ń ta kọ̀ǹpútà lólobó. Kà á lẹ́ẹ̀kan sínú s, kí o wá fi & yẹ s wò. Tó bá jẹ́ wíwò lásán lo fẹ́, 0x3F6 ń fi bíìtì kan náà hàn ọ́ láìfọwọ́ kan interrupt.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ, o kò tiẹ̀ béèrè rẹ̀. Ojúlé kan náà, nǹkan méjì ló wà níbẹ̀. Bí o bá ka 0x1F7, ipò dísìkì ni. Bí o bá kọ nǹkan síbẹ̀, àṣẹ ni. 0x3F6 tí à ń kà fún ipò, bí o bá kọ sí i, ìdarí ni. Ẹni tó bá wá ka 0x1F7, tó tan bíìtì kan sí i, tó sì dá a padà síbẹ̀, àṣẹ tí kò mọ̀ ló pa fún dísìkì, dátà ẹlòmíràn sì lè bá a lọ. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fi SR (status register, réjísítà ipò) sára orúkọ òkè wọ̀nyẹn. Kó àwọn bíìtì ìdarí jọ lọ́tọ̀ pẹ̀lú DC (device control), bíi ATA_DC_NIEN (1 << 1). N tó ṣáájú yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe: tó bá tàn, interrupt kú. Má ṣe sọ ọ́ ní INT_ENABLE.

Ní báyìí, lọ ka 0x1F1, ibẹ̀ ni dísìkì máa ń sọ ìdí tí ERR fi tàn. Tí bíìtì 6, UNC, bá tàn, ojú dísìkì ti bàjẹ́ níbẹ̀, kò lè kà á. Bíìtì 4, IDNF: kò rí ojúlé tí o rán an lọ. Bíìtì 2, ABRT: ó kọ àṣẹ náà. UNC ni mo fura sí. Dísìkì àlòkù ni, ìwọ náà sì ní apá ìbẹ̀rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Fáìlì lásán ni dísìkì QEMU, kò ní ojú tó lè bàjẹ́. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, tètè kó ohun tó wù ọ́ kúrò lórí ẹ̀, má sì pa á tì o. Dísìkì tó ń tan ERR ṣọ̀wọ́n nínú QEMU, òun gan-an ló yẹ kí o fi dán dírẹ́fà rẹ wò. Fi nọ́ńbà tí o bá rí ní 0x1F1 ránṣẹ́ sí mi.