Èsì: Ṣé ewúrẹ́ nìkan tó láti gbé ìdílé kúrò nínú ìṣẹ́?

Ẹ béèrè bóyá ẹran ọ̀sìn nìkan tí ẹgbẹ́ yín fẹ́ pín fún àwọn ìdílé tálákà tó kí wọ́n lè máa gbọ́ bùkátà ara wọn. Èrò mi ni pé kò tó, orí ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Gánà ni mo sì gbé e kà.

Ètò tí BRAC, àjọ kan tó ń ran àwọn tálákà lọ́wọ́, bẹ̀rẹ̀ ní Bangladesh ní ọdún 2002 máa ń fún ìdílé ní ẹran ọ̀sìn tàbí ọjà títà, owó oúnjẹ fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ náà, ọ̀nà láti fi owó pamọ́, àti òṣìṣẹ́ tó ń bẹ̀ wọ́n wò déédéé fún nǹkan bí ọdún 2. Nígbà tí wọ́n dán irú rẹ̀ wò ní Gánà àti orílẹ̀-èdè 5 mìíràn, àǹfààní rẹ̀ ṣì hàn ní ọdún 1 lẹ́yìn tí ètò parí, àfi pé èsì náà kò dára tó bẹ́ẹ̀ ní Honduras, níbi tí àrùn ti pa ọ̀pọ̀ adìẹ tí wọ́n pín. Ní Gánà kan náà, wọ́n fún àwọn kan ní ewúrẹ́ nìkan, àǹfààní rẹ̀ kò sì tọ́jọ́ bíi ti odindi ètò náà.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ dín ìnáwó kù, ẹ má yọ owó oúnjẹ kúrò, nítorí ìdílé tí ebi ń pa lè ta ewúrẹ́ náà kí ó tó bímọ.