Òdòdó Ọsàn Kì í Fẹ́ Iná

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè ìdí tí ọtí àpòpọ̀ píà àti ọsàn tí ẹ ṣe nílé fi korò bí àgbo, tí ẹ kò sì gbọ́ òórùn òdòdó ọsàn kankan nínú rẹ̀, mo kí yín, ẹ kú ìnáwó. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí ní Adó-Èkìtì níbí, lọ́jọ́ ìdána àbúrò mi obìnrin, níwájú àwọn àna wa, nítorí náà n óò sọ gbogbo ibi tí mo ti ṣàṣìṣe láìfi ọ̀kan pamọ́.

Kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ píà. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹ bá rán ọmọ lọ ra píà ní Ọjà Ọba, èyí tí ó ní kóró ńlá kan ṣoṣo nínú, tí a fi ń jẹ búrẹ́dì, ni yóò rà wá, ọ̀rá inú ìyẹn kò sì bá ọtí yìí mu rárá. Èyí tí à ń wí ni èyí tí ó jọ ápù ṣùgbọ́n tí ọrùn rẹ̀ gùn, tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun. Láti inú ni ó ti máa ń rọ̀ bọ̀ síta, nítorí náà ẹ má ṣe dúró títí ikùn rẹ̀ yóò fi rọ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀bá ọrùn rẹ̀, bí ibẹ̀ bá ti ń gba ìka díẹ̀, ó ti pọ́n tó. Méjì tó fún ènìyàn mẹ́rin. Ẹ bó wọn, ẹ gé wọn wẹ́wẹ́, kí ẹ fi ife omi kan àti ife ṣúgà kan sè wọ́n lórí iná tí kò le fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì jẹ́ kí omi rẹ̀ tutù pátápátá.

Pátápátá ni mo wí o, nítorí ibẹ̀ gan-an ni mo ti ba tèmi jẹ́. Mo da òdòdó sínú ìkòkò pọ̀ mọ́ píà, mo sì jẹ́ kí ó hó fún ìṣẹ́jú 20, mo rò pé bí ó bá ṣe pẹ́ lórí iná tó ni yóò ṣe dùn tó. Gbogbo ilé ń ta sánsán, inú mi sì ń dùn. N kò mọ̀ pé òórùn tí ó gba inú ilé kan yẹn ni èyí tí ó yẹ kí ó wà nínú ife, àti pé ìkorò nìkan ni ó ṣẹ́ kù sínú ìkòkò.

Àwọn òyìnbó a máa lo òdòdó elderflower fún irú ọtí yìí, pàápàá láti ìgbà tí ọtí òdòdó tí ń jẹ́ St-Germain ti jáde ní ọdún 2007. N kò rí ìdí tí a ó fi máa wá a kiri nígbà tí igi ọsàn mímu wà lẹ́yìnkùlé wa. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí ọsàn yọ òdòdó, ẹ tẹ́ aṣọ funfun tí ó mọ́ sábẹ́ igi ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ rọra mi ẹ̀ka rẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ̀rù pé èso yóò dín kù, nítorí èyí tí ó pọ̀ jù nínú òdòdó yẹn ni yóò já dànù fúnra rẹ̀. Ẹ gbọn èèrà kúrò lára wọn, kí ẹ da ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú omi píà tí ó ti tutù, ẹ dé e, kí ó sun inú fíríìjì mọ́jú, kí ẹ sì sẹ́ ẹ láàárọ̀. Igi tí wọ́n bá fín oògùn kòkòrò sí, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Bákan náà, òdòdó olóòórùn dídùn tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé, tí oje funfun bíi wàrà máa ń jáde lára rẹ̀, kì í ṣe ohun tí à ń mu.

Àṣìṣe mi kejì ni pé láti alẹ́ àná ni mo ti fún ọsàn wẹ́wẹ́ sílẹ̀, kí iṣẹ́ lè yá. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ó ti korò, adùn rẹ̀ sì ti lọ. Ẹ fún un nígbà tí ẹ bá fẹ́ pò ó gan-an. Ọsàn mímu wa dùn, ṣùgbọ́n kò kan tó láti dá iṣẹ́ yìí ṣe. Èèpo rẹ̀ ni kí ẹ fi pamọ́.

Fún ife kan, mìlílítà 50 fódíkà, 25 omi píà olódòdó, àti 20 omi ọsàn wẹ́wẹ́. N kì í lo jíìnì, nítorí òórùn tirẹ̀ máa ń bo ti òdòdó mọ́lẹ̀. Ògógóró tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dán an wò: ní ọdún 2015, ọtí tí methanol, irú ọtí olóró kan tí kò ṣeé mu, wà nínú rẹ̀ pa àwọn ènìyàn ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí ó múlé gbè wá. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú ìgò oníderí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, pẹ̀lú omi dídì tí ó le bí òkúta. Píọ̀ wọ́tà tí ó dì gbagidi ni mo máa ń fi aṣọ wé, tí mo sì ń fi ọmọ odó fọ́. Èyí tí iná ọba ti lọ mọ́ lórí, tí ó ti ń yọ́, omi lásán ni yóò sọ ọtí yín dà. Ẹ mì í kíkankíkan fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí ẹ sẹ́ ẹ sínú ife, kí ẹ wá ká èèpo ọsàn tútù kan lókè rẹ̀ kí oje inú èèpo náà fín sójú ọtí.

Ní Àjíǹde tí ó tẹ̀lé ìdána náà, mo tún un ṣe fún ọkọ àbúrò mi. Ó gbé ife sókè, kò tíì fẹnu kàn án tí ó fi yíjú sí fèrèsé, ó ní ṣé ọsàn wa ti yọ òdòdó ni.