Omi ọsàn tó ń korò ní ọjọ́ kejì

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kóró ọsàn àti awọ funfun abẹ́ èèpo ló ń fa ìkorò tí ẹ ní ó ń dé bá omi ọsàn yín lọ́jọ́ kejì. Bílẹ́ńdà ti fọ́ wọn mọ́ ọn; kì í hàn lẹ́nu lójú ẹsẹ̀, àfi tó bá sùn.

Ẹ bó o dénú, ẹ yọ kóró rẹ̀. Èmi ò tiẹ̀ lo bílẹ́ńdà fún ọsàn mọ́: màá là á sí méjì, màá fọwọ́ fún un, màá fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Kárọ́ọ̀tì àti atalẹ̀ nìkan ni mò ń lọ̀.

Ìkorò ni mo ń sọ o. Tó bá ń hó, tó ń rùn bí ọtí, ó ti kan nìyẹn. Ẹ dà á nù.