Láàṣì tó gba orí afárá Dandong kọjá

Àǹtí wa tó ń ta wíìgì àti láàṣì (irun ìpéǹpéjú àtọwọ́dá) ní Balógun, ẹ ní wọ́n sọ fún yín pé Kòríà Àríwá ni wọ́n ti ń ṣe lára ọjà tí à ń rà ní Ṣáínà. Ẹ wá ní, ṣebí ayé ti fòfin de àwọn yẹn, báwo lọjà wọn ṣe ń jáde? Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń bá àwọn èèyàn wa ra ọjà irun láàárín Guangzhou àti Qingdao, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tójú mi rí.

Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Pingdu, lábẹ́ ìlú Qingdao, ni ojúkò láàṣì. Tẹ́ ẹ bá wọ ilé iṣẹ́ wọn, ẹ ó rí àwọn obìnrin tó ń gé láàṣì, tó ń ká a, tó ń tò ó sínú páálí. Ẹni tó ń so irun mọ́ okùn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan lẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí. Iṣẹ́ yẹn ń pa ojú, ó ń pa ọrùn, àwọn ọ̀dọ́ Ṣáínà ò sì fẹ́ ẹ mọ́. Ṣe ni wọ́n máa ń di irun àti okùn, wọ́n á gbé e lọ sí Dandong létí odò Yalu, á gba orí afárá bọ́ sí Sinuiju lódìkejì, ní Kòríà Àríwá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń so ó. Tó bá padà dé, inú ọ̀rá lásán ló máa ń wà, kò sí orúkọ, kò sí àmì. Wọ́n tú ọ̀kan síwájú mi rí: okùn ìdí ẹ̀ tín-ín-rín, kókó ẹ̀ ṣe déédéé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, gọ́ọ̀mù ò wú níbì kankan. Ẹ̀rọ kì í ṣe irú ẹ̀. Pingdu ni wọ́n á ti wá gé e, tí wọ́n á kọ "Made in China" sára páálí.

Ní ti òfin, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ò fòfin de irun. Lọ́dún 2017 nìkan, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ èédú, irin àti ẹja Kòríà Àríwá lóṣù kẹjọ, aṣọ lóṣù kẹsàn-án, nígbà tó di oṣù kejìlá wọ́n ní epo tí wọ́n ti fọ̀ tó máa wọ ibẹ̀ ò gbọdọ̀ ju 500,000 àgbá lọ́dún. Ṣáínà náà dìbò fún gbogbo ẹ̀. Nígbà tí èédú àti aṣọ kúrò lọ́jà, irun ló kù. Lọ́dún 2023, ìwé aṣọ́bodè Ṣáínà fi hàn pé nǹkan bíi 1,680 tọ́ọ̀nù láàṣì, wíìgì àti irùngbọ̀n àtọwọ́dá ló ti Kòríà Àríwá wọlé, owó ẹ̀ tó mílíọ̀nù 167 dọ́là. Ó ju ìdajì gbogbo ohun tí wọ́n tà fún Ṣáínà lọ́dún yẹn lọ.

Àwọn kan á ní ìfẹ́ ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ìfẹ́ kọ́. Ṣáínà ló ni ohun tó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún òwò tí Kòríà Àríwá ń bá òkèèrè ṣe, ó sì mọ̀ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru ẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Tí ibẹ̀ bá wó, èrò á ya wọ Dandong, sójà Amẹ́ríkà tó wà ní Kòríà Gúúsù sì lè dé etí odò. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fún wọn ní ìwọ̀nba èyí tí wọn ò fi ní kú. Àwọn oníṣòwò Dandong gan-an kì í yin àwọn oníbàárà wọn yẹn, ẹni tó bá tajà láwìn fún wọn, ó kù sọ́wọ́ ẹ̀. Nígbà kòrónà, ìjọba Kòríà Àríwá fúnra ẹ̀ ló ti ibodè lóṣù kìíní 2020. Reluwé akẹ́rù ò tún kọjá títí di 2022. Gbogbo àsìkò yẹn, láàṣì àfọwọ́ṣe di ọ̀wọ́n gógó, ajẹ́ntì mi ń bẹ̀ mí kí n gba ti ẹ̀rọ, àwọn oníbàárà mi l'Ékòó sì ń pariwo pé kì í ṣe èyí tí àwọn sanwó ẹ̀ nìyí.

Ibi tó kàn yín rèé. Ní wáàfù wa, n ò rí ẹni tó bi mí léèrè ẹni tó so láàṣì rí. Amẹ́ríkà ò ṣe bẹ́ẹ̀ o. Láti 2017, òfin wọn ni pé ohunkóhun tí ọwọ́ ará Kòríà Àríwá bá wà nínú ẹ̀, ibi yòówù kí wọ́n ti ṣe é, iṣẹ́ ipá ni wọ́n kà á sí, àfi tẹ́ ẹ bá lè fi ẹ̀rí hàn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ e.l.f. Cosmetics, tó ń ta ohun ìṣaralóge ní Amẹ́ríkà, san 996,080 dọ́là lóṣù kìíní 2019, torí láàṣì tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà méjì tí wọ́n lo ohun tó ti Kòríà Àríwá wá. Wọ́n ní lọ́yà, wọ́n ní akọ̀wé o. Tẹ́ ẹ bá ń fi lára ọjà ránṣẹ́ sí ọmọ yín ní Houston kó máa tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin náà wà ńbẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún ajẹ́ntì tó bá ní kẹ́ ẹ san dọ́là sí àkáǹtì ilé iṣẹ́ kan ní Dandong tẹ́ ò bá dòwò pọ̀. Amẹ́ríkà ti yọ Bank of Dandong kúrò nínú ètò dọ́là láti 2017, ojú ọ̀daràn sì ni ọ̀pọ̀ báńkì fi ń wo owó tó bá dorí kọ ìlú yẹn. Owó mi há lọ́nà bẹ́ẹ̀ rí, ó pẹ́ kó tó jáde.

Tó bá jẹ́ àfọwọ́ṣe náà lẹ fẹ́, ẹ wá a lọ sí Purbalingga ní Indonéṣíà. Ó wọ́n ju ti Pingdu lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè gba ìwé ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ gbà á kẹ́ ẹ tó san owó tó kù.