Ẹ bi wá: Ẹ̀rọ méjì, ẹ̀wà kan náà, èsì ò dọ́gba

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Nílé ẹ̀kọ́ wa ní Ìkòròdú, a fi rẹsipirómítà méjì (ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́síjìn tí ohun alààyè ń gbà) wọn bí ẹ̀wà tó ti hù ṣe ń mí. Gíráàmù 3 la kó sínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Láàárín ìṣẹ́jú 2, omi aláwọ̀ inú ọ̀pá tíńrín rìn 38 mm nínú ọ̀kan, 61 mm nínú èkejì. Èwo ló ń parọ́? – Olùkọ́ bàọ́lọ́jì

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe kí ìkankan má parọ́. Mìlímítà tí ẹ kà kọ́ ni ìwọ̀n ọ́síjìn. Ẹ ní láti mọ bí ihò ọ̀pá ṣe fẹ̀ tó. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 1 mm, 38 mm rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0.030 ml. Bí ti èkejì bá jẹ́ 0.8 mm, 61 mm rẹ̀ jẹ́ 0.031 ml. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ.

Ẹ má sì gbára lé ìwọ̀n tó wà lára páálí. Ẹ ra sírínjì oní-1 ml ní kẹ́míìsì, kí ẹ gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ la ìdérí rọ́bà ìgò òfìfo kọjá. Ẹ fa 0.1 ml afẹ́fẹ́ jáde. Bí ihò bá jẹ́ 1 mm lóòótọ́, omi náà máa rìn bíi 127 mm. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀márùn-ún. Bó bá ń rìn 120 mm ní gbogbo ìgbà, ẹ̀rọ yín ò bàjẹ́: ẹ pín 0.1 sí ọ̀nà 120, ohun tí mìlímítà kan tó nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá ń kúrú nígbà tí ẹ bá rọra fà á, tó sì ń gùn nígbà tí ẹ bá yára, ẹ̀rọ ń jò. Ẹ fi Vaseline ra ìdérí, kí ẹ gbé ọ̀pá nàró. Omi yóò sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, á dúró. Bí kò bá dúró, ó ṣì ń jò.

Ooru ló máa ń bà á jẹ́ jù. Bí 100 ml afẹ́fẹ́ inú ìgò bá fi 1°C péré gbóná sí i, á fi bíi 0.33 ml wú, èyí á sì ti omi inú ọ̀pá 1 mm sẹ́yìn ní nǹkan bíi 42 sẹ̀ǹtímítà! Ọwọ́ tí ẹ fi di ìgò mú nìkan ti tó láti ṣe é, ká má tíì sọ kíláàsì tí páànù ń jó lọ́sàn-án. Ẹ rì ìgò sínú ọpọ́n omi fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ẹ sì pa fáànù.

Bí ẹ ti ń ṣe èyí, ẹ ṣe ìgò ìfiwéra, ìyẹn ìgò tí ohun tí kì í mí wà nínú rẹ̀ dípò ẹ̀wà. Ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì láti ọjà Sábó dára fún un. Ẹ kó iye tó máa gbé omi inú ife ìwọ̀n sókè bí ẹ̀wà yín ṣe ń gbé e. Àwọn kan ń lo ẹ̀wà sísè, mi ò fọwọ́ sí i: kòkòrò àìrí á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹra mọ́ ọn, á sì máa mí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: bí omi ìfiwéra bá sún 9 mm sí ìgò, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye tí ẹ kà fún ẹ̀wà, bó bá sún kúrò lọ́dọ̀ ìgò, ẹ fi kún un.

ÌBÉÈRÈ: Omi inú ọ̀pá tèmi ò rìn rárá o.

ÌDÁHÙN: Ó jọ pé kò sí potassium hydroxide, kẹ́míkà tó ń fa kábọ́nì dáyọ́ksáìdì mu, nínú ìgò, tàbí ó ti kú. Kábọ́nì dáyọ́ksáìdì tí ẹ̀wà ń mí jáde ló ń rọ́pò ọ́síjìn tó ń gbà. Ẹ lo tuntun, kó má kan ẹ̀wà, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́: ó ń jó ara.