Ìbéèrè: "Mo ń gé owó oṣù ẹni tó ṣàṣìṣe, àṣìṣe sì ti dínkù"

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Mo ní ilé ìwòsàn kan n'Íbàdàn. Láti ìgbà tí mo ti ń gé owó oṣù nọ́ọ̀sì tó bá ṣi òògùn fún aláìsàn, àṣìṣe 11 tí wọ́n ń kọ sínú ìwé lóṣù ti di ẹyọ kan. Ṣé kí n ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kún un, kí ààbò aláìsàn lè mọ́ gbogbo wọn lára?"

Ọ̀gá mi, ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ló ká mi lára, ẹyọ kan yẹn ni. Ó jọ pé àṣìṣe ò dínkù nílé ìwòsàn yín, wọn ò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ mọ́ ni. Ó ti tó ẹ̀ẹ̀kẹrin lọ́dún yìí tí wọ́n ń bi mí ní irú èyí, ó sì ń dùn mí, torí aláìsàn ló ń fara gbá a.

Ní 1996, Amy Edmondson, olùwádìí ará Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí jáde lórí àṣìṣe òògùn ní wọ́ọ̀dù mẹ́jọ. Ó rò pé ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ dáadáa ni àṣìṣe á ti kéré. Òdìkejì ló bá: ibẹ̀ ni èyí tí wọ́n sọ jáde ti pọ̀, torí ẹ̀rù ò bà wọ́n.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, nọ́ọ̀sì kan ń po abẹ́rẹ́ ní aago méjì òru. Iná ti lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù ló fi ń ríran. Omi abẹ́rẹ́ àti òògùn potassium chloride wà nínú àwo kan náà, ìgò wọn jọra bí ìbejì. Ó ti fa potassium sínú síríńjì kó tó tún ara ìgò kà. Ká ní ó gún un sí iṣan aláìsàn láì bu omi là á, ọkàn onítọ̀hún lè dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Ó dà á nù, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí kwẹ́rì ni wọ́n máa fún un. Ìgò méjèèjì ṣì wà nínú àwo yẹn fún ọdún kan gbáko kó tó sọ ọ́ fún mi. Láti 2007 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n kó irú potassium bẹ́ẹ̀ kúrò ní wọ́ọ̀dù.

Ẹ dá owó tí ẹ gé padà. Ẹ sọ lójú gbogbo òṣìṣẹ́ pé ẹ ṣì í ṣe, kí ẹ sì sọ àṣìṣe kan tí ẹ̀yin fúnra yín ti ṣe rí. Lẹ́yìn náà, ẹ máa dé wọ́ọ̀dù lálẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ̀yin nìkan, ẹ bi wọ́n pé: "Kí ló kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí?" Wọ́n á ní kò sí. Ẹ padà lọ lọ́sẹ̀ kejì. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá sọ ọ́ jáde, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì tún nǹkan náà ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ì báà jẹ́ gílóòbù lásán. Àwọn tó kù ń wò yín.

Nọ́ọ̀sì tó ń kúnlẹ̀ kí yín láàárọ̀ kò ní lè sọ fún yín ní tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ, pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ni, kì í ṣe òsì, àfi tí ẹ bá ti fún un láyè ṣáájú. Ẹ jọ fẹnu kò sórí gbólóhùn kan, bíi "Ẹ dákun sà, ẹ dúró ná," tí gbogbo ọwọ́ á dúró tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, ẹni yòówù kó sọ ọ́.

Ẹni tó mutí wá síṣẹ́ tàbí tó yí ìwé aláìsàn, ìbáwí tọ́ sí i. Tí ẹnì kan bá sì ti fara pa nínú àwọn àṣìṣe yẹn, ẹ sọ òótọ́ fún ẹbí rẹ̀, ẹ sì kàn sí agbẹjọ́rò yín. Mi ò rí ìwé yín, ìmọ̀ràn gbogbogbòò lèyí.

Ní ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ó di oṣù mẹ́ta sí i. Tí iye inú ìwé yẹn bá ti ń lọ sókè, ẹ pè mí.